Ọta Àgbá Ìdánrawò Àtijọ́: Ohun Tí Àwọ̀ àti Lẹ́tà Ara Rẹ̀ Lè Sọ, àti Ohun Tí Wọn Kò Lè Sọ

Ọ̀pọ̀ ọta àgbá àtijọ́ ló wà níta lónìí tí kò sí sójà kankan nítòsí wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì. Ní Ìlú Ọba, àwọn kan ń fi wọ́n dá ilẹ̀kùn dúró. Wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà àlòkù, àwọn ọmọ ń bá wọn nínú gáréèjì bàbá tó ti kú, katakata sì ń hú wọn jáde lóko. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rí i ń bèèrè: ṣé ó ti kú ni, àbí ó ṣì wà láàyè? Ẹnì kan á sì dáhùn pé, "Ó ti pẹ́, ti ìdánrawò ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀." Ó lè pẹ́ lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ti ìdánrawò lóòótọ́, kí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

Àlàyé yìí kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó ń tú bọ́ǹbù. Ohun tó wà fún ni pé kí ẹ lè lóye ohun tí ẹ bá rí lára ọta láti ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ lè ròyìn rẹ̀ dáadáa fún àwọn tó ni iṣẹ́ náà, kí ẹ sì mọ ìdí tí àwọn fúnra wọn kì í fi í gba ọ̀dà gbọ́. Amẹ́ríkà la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òfin àwọ̀ tiwọn wà ní kíkọ sílẹ̀ kedere.

Oríṣi mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní orúkọ kan

Àkọ́kọ́ ni ọta ìkọ́ni, èyí tí wọn kì í yìn rárá. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àgbá gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọta, bí wọ́n ṣe ń tì í wọnú àgbá, àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ padà nígbà tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n dúró. Irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni M7 ti àgbá 155 mm àti M14 ti àgbá 105 mm. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ ni kò ti ní ohun abúgbàù nínú. Ara rẹ̀ sábà máa ń họ, á sì kún fún àpá, torí ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọjá lára rẹ̀.

Ìkejì ni ọta ìdánrawò tí wọ́n ń yìn, òun gan-an ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Ó ń jáde lẹ́nu àgbá bíi ti gidi, ó sì gbọ́dọ̀ fi ibi tó balẹ̀ sí han ẹni tó ń wò ó láti ọ̀pọ̀ kìlómítà. Kí wọ́n lè rí i, wọ́n ń fi èròjà díẹ̀ sínú rẹ̀ tó máa kọ mànà tó sì máa rú èéfín. M804 ti àgbá 155 mm nìyẹn: wọ́n ṣe é kó lè máa fò bíi M107, ọta gidi tí wọ́n ń fi í dípò nígbà ìdánrawò. Díẹ̀ tí a ń wí yìí tó láti gé ọwọ́ àti láti fọ́ ojú. Bí kò bá ṣiṣẹ́ nígbà tó balẹ̀, ó ṣì wà níkùn ọta náà títí di òní.

Ìkẹta ni ara ọta gidi tí wọ́n fi nǹkan tí kò lè bú kún dípò TNT, ohun abúgbàù: sìmẹ́ńtì, iyanrìn, ìda tàbí píláásítà. Wọ́n ń lò ó láti dán àgbá wò, tàbí láti dán fíùsì wò, ìyẹn ohun tó wà nímú ọta tó ń pàṣẹ ìgbà tó máa bú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ikùn lè jẹ́ sìmẹ́ńtì kí fíùsì sì jẹ́ ojúlówó. Èròjà tó ń tanná nídìí àwọn ọta kan, tí àwọn tó yìn ín fi ń fojú bá a lọ, náà lè wà níbẹ̀ láìjó. Bí wọ́n bá kọ INERT, ìyẹn "òkú, kò lè bú", sí ikùn ọta, ọ̀rọ̀ ikùn nìkan ni wọ́n kọ, kò kan imú, kò kan ìdí.

Ìkẹrin ni ọta òfìfo, tí wọ́n rọ tán tí wọn kò kún rí, tàbí tí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni òpó irin onímú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yìn ní ibi ìdánwò àgbá bíi Aberdeen Proving Ground ní Maryland, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917.

Àwọn kéékèèké ló ń tan èèyàn jẹ jù. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, owó ọta ńlá wọ́n, nítorí náà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa ń so àgbá kékeré 37 mm mọ́ àgbá ńlá. Wọ́n á fi ti ńlá wo ibi tí wọ́n fẹ́ yìn sí, wọ́n á sì fi ti kékeré yìn ín. Àwọn ọta 37 mm yẹn kún ilẹ̀ ìdánrawò àtijọ́, èèyàn sì lè fi ọwọ́ kan dì í mú. Ẹ̀tù tàbí ohun abúgbàù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní December 1983, ní Tierrasanta ní ìlú San Diego, àdúgbò tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ Camp Elliott, àgọ́ ológun, tẹ́lẹ̀, irú ọta 37 mm bẹ́ẹ̀ pa ọmọ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8.

Àwọ̀: ti ọdún wo, ti ilẹ̀ wo?

Òfin àwọ̀ tí Amẹ́ríkà ń lò láti àwọn ọdún 1960, MIL-STD-709, kò ṣòro láti há sórí. Ọta tó ní ohun abúgbàù nínú ń gba àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú bíi aṣọ sójà, lẹ́tà ara rẹ̀ á sì jẹ́ yẹ́lò. Ọta ìdánrawò jẹ́ búlúù, lẹ́tà rẹ̀ funfun. Ọta ìkọ́ni tí kò ní nǹkan kan nínú ń gba àwọ̀ idẹ. Ọta tó ń dá ara ọkọ̀ ogun onírin lu jẹ́ dúdú.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, àmọ́ ẹ wo ìgbànú ọ̀dà tí wọ́n fà yí ara ọta ká. Búlúù tó ní ìgbànú búráùn ní ẹ̀tù tó ń jó nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun M804. Búlúù tó ní ìgbànú yẹ́lò ní ohun abúgbàù tó lágbára. Ẹni tó bá rí búlúù tó sì sọ pé "ti ìdánrawò ni" kò ṣì í, àmọ́ kò tíì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbànú yìí kì í sì í fẹ̀ púpọ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ ibẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, búlúù nìkan ló máa ṣẹ́ kù.

Dúdú tún burú ju búlúù lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọta ìkọ́ni Amẹ́ríkà tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń kùn ní dúdú, tí wọ́n á sì fi funfun kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tí òfin yí padà, dúdú di ti ọta tó ń dá irin lu, àwọn kan nínú wọn sì kún fún ohun abúgbàù. M456 ti àgbá ọkọ̀ ogun 105 mm dúdú, lẹ́tà rẹ̀ yẹ́lò, ó sì lè lu irin tó nípọn gan-an. Ọta méjì dúdú láti orílẹ̀-èdè kan náà, ọ̀kan kò lè pa eṣinṣin, èkejì lè wó ilé. Ẹni tó bá ka nípa àwọ̀ nínú ìwé tó wà fún ọdún 1943, tó wá fi dá ọta ọdún 1968 mọ̀, ti mú èyí tó wà láàyè ní òkú.

Yẹ́lò náà ti yí padà. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo ara ọta abúgbàù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kùn ní yẹ́lò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń kun tiwọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo lyddite, ohun abúgbàù àtijọ́ kan. Àwọ̀ eérú nìkan ni a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó rò: ọta gáàsì olóró ló ń gbà á lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní January 1993, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Spring Valley, àdúgbò olówó ní Washington, hú ọta ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní jáde níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí gáàsì olóró nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún ọta kùn tún wà níbẹ̀. Àwọn gbọ̀ngàn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ń kun ọta ẹnu ọ̀nà wọn ní fàdákà tàbí ní wúrà kó lè dán. Wúrà yìí jọ àwọ̀ idẹ ti ọta ìkọ́ni gan-an. Oníṣòwò á kun òmíràn ní búlúù tó rẹwà, á fi funfun kọ INERT sí i, á sì fi owó kún owó rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dà ń sọ ohun tí ẹni tó kùn ún kẹ́yìn fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà orílẹ̀-èdè míì: àwọn Jámánì ń kọ Üb sára ọta ìdánrawò, wọ́n sì ń kọ Ex sára ti ìkọ́ni. INERTE ni Faransé, Potogí àti Sípéènì, nítorí náà ẹni tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Bràsíl tàbí Kúbà lè bá a pàdé. Lára ọta Rọ́ṣíà, ИНЕРТ ni, tàbí УЧЕБНЫЙ fún ti ìkọ́ni.

Láti imú dé ìdí

Ọta 155 mm ni a máa lò níbí, torí ó tóbi tó láti fojú rí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. M107 wúwo tó nǹkan bíi kílò 43, ohun abúgbàù inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò 7.

Nímú rẹ̀ ni ihò fíùsì wà, ó fẹ̀ tó íńṣì 2. Ohun mẹ́rin lẹ lè bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ fíùsì gidi. Ó lè jẹ́ fíùsì ayédèrú, irin kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ bíi fíùsì, tí kò ní ẹ̀yà kankan nínú. M73 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó lè jẹ́ òrùka irin tí wọ́n fi ń gbé e. Ó sì lè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òrùka irin yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n máa ń rò pé ẹni tó fẹ́ fi ọta ṣe ọ̀ṣọ́ ló dè é mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ọ̀pọ̀ jù lọ ọta 155 mm gidi ló ń kúrò nílé iṣẹ́ pẹ̀lú òrùka yìí nímú, ẹ̀yìn ìgbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ àgbá ni wọ́n ń yọ òrùka tí wọ́n sì ń fi fíùsì sí i.

Imú tó ṣí sílẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Bí èèyàn bá yọjú wò ó, tó rí ohun kan tó gan, tó funfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú bíi ọṣẹ, ó lè jẹ́ píláásítà, ó sì lè jẹ́ TNT tí wọ́n yọ́ dà sí i. Àwọn tó ń ṣe ohun ìkún tí kò lè bú ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó wúwo bíi ti gidi kó sì máa ṣe bíi ti gidi, torí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe nìyẹn. Ẹ má fi ohunkóhun gbọ̀n ọ́n wò.

Lára ikùn, lẹ́tà oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀, èkejì ni wọ́n fi irin lù wọnú ara ọta, sábà lókè ìgbànú bàbà. Ti ọ̀dà ń sọ ohun inú rẹ̀: 155 H túmọ̀ sí àgbá kúkúrú 155 mm, TNT tàbí COMP B ni ohun abúgbàù, àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sì ń sọ bí ó ṣe wúwo sí. Bí ẹ bá rí TNT tàbí COMP B, kò sí ìdí láti wò ó síwájú sí i. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ti lílù ń sọ orúkọ irú ọta, ilé iṣẹ́, nọ́ńbà ìpín rẹ̀ àti ọdún. Ọ̀dà tuntun kò lè pa á rẹ́, nítorí náà ìyẹn ni àwọn amọṣẹ́ ń kọ́kọ́ wá. Síbẹ̀, M107 tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kún àti èyí tí wọ́n fi TNT kún ní ara kan náà, nítorí náà lẹ́tà lílù wọn lè jọra.

Àwọn ilé iṣẹ́ ológun sábà máa ń lu ihò sára ọta òkú kí gbogbo ayé lè rí i pé òfìfo ni. Ihò tó dára yípo geere, etí rẹ̀ mọ́, ó sì wọ inú lọ tí ìmọ́lẹ̀ fi lè kọjá. Èyí ni àmì tó lágbára jù lọ nínú gbogbo àmì tó wà, òun náà sì ní àlèébù rẹ̀: iyàrá tó wọ̀ nìkan ló ń jẹ́rìí fún. Ọta kan lè ní ihò ní ikùn kí fíùsì rẹ̀ máà ní, tàbí kí èròjà tó wà nídìí máà ní. Ihò tí ìpẹtà jẹ náà wà. Etí tirẹ̀ máa ń ya gáú-gàù, kì í sì í ṣe ihò rárá lójú àwọn tó mọṣẹ́.

Ẹ wá wo ìgbànú bàbà tó yí ìsàlẹ̀ ọta ká. Bàbà rọ̀ ju irin lọ. Nígbà tí ọta bá ń jáde, ilà yíyípo tó wà nínú àgbá ń gé bàbà náà, òun ló ń mú kí ọta máa yí. Bí ìgbànú bá dán tó sì mọ́lẹ̀ yíká, wọn kò yin ọta náà. Bí ẹ bá rí ilà onígèérégé tí ó gé e, tí gbogbo wọn dọ́gba, tí wọ́n sì dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n ti yin ín, ó balẹ̀, kò sì bú. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọta, ẹ rántí èyí. Agbára tó ti ọta jáde àti yíyí tó yí lójú òfuurufú ló ń ṣí àwọn ìdè inú fíùsì, nítorí náà ọta tí wọ́n ti yìn kò ní ìdè mọ́. Sísún un lásán lè tó. Ọta ìdánrawò búlúù tí ìgbànú rẹ̀ ti gé kò yàtọ̀ sí i.

Ìdí ọta ni ọ̀pọ̀ kì í wò. Àwọn ọta kan tó ń dá irin lu kò ní fíùsì nímú, ìdí ni tiwọn wà. M61 ti àgbá 75 mm rí báyìí: imú rẹ̀ le, kò ní ihò, ẹni tó bá rí i á sọ pé irin gbọọrọ lásán ni. Fíùsì M66A1 sì wà nídìí rẹ̀, ohun abúgbàù díẹ̀ wà láàárín.

Ọta ọlọ́mọ yẹ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tirẹ̀, torí òun ni Ogun Àgbáyé Kìíní fi sílẹ̀ jù sílé àwọn èèyàn. Ti àgbá oní-pọ́n-ùn-18 ti Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 370 ọmọ òjé sínú, ẹ̀tù sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Fíùsì rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí alumíníọ̀mù, ó ní òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà yí ká bíi ojú aago. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lójú òfuurufú, imú rẹ̀ á já, ọmọ òjé á tú dànù síwájú, ìkòkò irin rẹ̀ á sì balẹ̀ láìfọ́. Ìkòkò òfìfo yìí ló wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ilé: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé etí, ẹ sì lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ṣì ní imú, tó ṣì ní òrùka nọ́ńbà, ẹ̀tù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ìdánwò tí èèyàn ń ṣe nílé

Gbígbé e wò láti mọ̀ bóyá ó fúyẹ́ kò wúlò, torí wọ́n ṣe ọta ìkọ́ni kó lè wúwo bíi ti gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí tó fúyẹ́ kọ́ṣẹ́ kò ní lè gbé ti ogun. Kíkàn án bí agogo láti gbọ́ ohùn rẹ̀ ń gbọn fíùsì. Lílu ihò sí i nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ń mú irin gbóná, ó sì ń ta pàrà sínú ẹ̀tù. Rírẹ ẹ́ sómi ń rẹ ẹ̀tù fúngbà díẹ̀ ni. Bí ó bá gbẹ, ó tún di ẹ̀tù. Fífi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà kúrò, kí lẹ́tà lè hàn, ló jọ ohun tí kò léwu jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, àmọ́ òun náà ń gbọn ọta náà.

Ọjọ́ orí kò pa ohun abúgbàù. Ẹ̀tù tí omi kò dé bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní February 2008, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọkùnrin kan tó ti pẹ́ nídìí títún ọta Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe kú nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bú, ọta tó ti lé ní 140 ọdún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń burú sí i bí wọ́n ṣe ń gbó. Lyddite ti Gẹ̀ẹ́sì àti mélinite ti Faransé jẹ́ ásíìdì. Bí wọ́n bá pẹ́ lára òjé tàbí bàbà, wọ́n ń di iyọ̀ kan tí fífọwọ́kan-án lásán lè mú kó bú.

Bí ẹ bá rí i

Ẹ dúró níbi tí ẹ ti rí i, ẹ má sún mọ́ ọn síwájú sí i láti ya fọ́tò. Bí ẹ bá ti lè yà á láti ibẹ̀, ó dára. Kí ohun kan tí gbogbo èèyàn mọ bó ṣe tóbi wà nínú fọ́tò náà tó bá ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má gbé ohunkóhun lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni kí ẹ gbà jáde. Ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 911. Ní Ìlú Ọba, 999 ni. Tó bá jẹ́ létí òkun, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Coastguard. Ní Nàìjíríà, 112, àti 767 ní Èkó.

Ẹni tó bá gbé ìpè yín máa fẹ́ mọ bí ó ṣe gùn tó àti bí ó ṣe nípọn tó, àwọ̀ rẹ̀ àti ìgbànú ọ̀dà rẹ̀, bóyá nǹkan wà nímú, bóyá ilà gé ìgbànú bàbà, àti lẹ́tà tó bá hàn. Bí ẹ bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin ará ilé olóògbé pàápàá: ibi tí bàbá ti jagun lè sọ irú àgbá tó jẹ́. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni gbígbé e sínú bàgì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ní Ìlú Ọba, wọ́n á kó gbogbo àdúgbò jáde, ìwọ̀nba tí ó ti jì nínú mọ́tò bọ̀ sì ni ewu tó pọ̀ jù.

Àwọn ará Èkó mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí láìkà á nínú ìwé. Ní January 27, 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà bàrékè Ikẹjà jó, àwọn ọta tí kò bú fọ́n dé àdúgbò àwọn èèyàn. Irú ìyẹn yàtọ̀ sí ti ìdánrawò o. Iná ti sè wọ́n, kò sì sí àmì kankan tí ẹnikẹ́ni lè kà lára wọn mọ́.

Ìwé ẹ̀rí

Ẹni tó fẹ́ ra ọta láti tò ó sílé, ìwé ni kó kọ́kọ́ bèèrè. Ní Ìlú Ọba, ìwé ẹ̀rí pé kò sí ohun abúgbàù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní FFE, amọṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, ológun kì í jẹ́ kí irin àlòkù irú èyí jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan: ẹni àkọ́kọ́ á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ẹlòmíràn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ á tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Ìwé tó bá kàn sọ pé "ọta kan, òkú" kò wúlò. Ó yẹ kí lẹ́tà lílù ara ọta náà wà nínú rẹ̀ ní kíkọ, pẹ̀lú fọ́tò, kí ó sì dárúkọ fíùsì lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ní fíùsì mìíràn tí ẹ fẹ́ dè mọ́ ọn nígbà tó yá, ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ tún wá, torí ti àkọ́kọ́ kò dé ibẹ̀.

Àti fún ẹni tó bá ń rò ó pé òun á gbé e wálé lọ fi han àwọn ẹbí: ní Amẹ́ríkà, àwọn TSA, àjọ tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú, kì í gba ohun tó jọ bọ́ǹbù tàbí ọta nínú ẹrù kankan, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ tàbí èyí tí ẹ fi sí abẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà ní ìwé. Ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù kò lè ka ìwé FFE, wọ́n á sì ti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú pa kí ẹnì kan tó ráyè ka tiyín.